Ọkọ̀ Wo Ló Yẹ Ojú Irin Yín?

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, kí n tó bọ́ bàtà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ ráhùn. Inú ń bí mi, Bàbá. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá fà á, torí ẹ̀yin gan-an lẹ dá a sílẹ̀ tí ẹ wá fi mí sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú irin yín ni.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tí ẹ padà wálé sí Ṣàgámù, tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń jókòó síta tí wọ́n ń ta ayò, ẹ̀yin wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ẹ kan tábìlì yí ògiri rẹ̀ ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ọmọ àbúrò yín kó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Rélùwéè ò wọ Rẹ́mọ rí. Ẹ ní ó yẹ kó wọ̀ ọ́, torí obì, ẹ sì fọwọ́ ara yín mú un wọ̀ ọ́. Abẹ́ fèrèsé lẹ pè ní Oríta, níbi tí ọ̀nà kékeré tiwa ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá tó ń lọ sí Kánò. Láti ibẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ sí Likosi, ó ṣẹ́ kọ́nà, ó wá gun òkè wọ Ṣàgámù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fi páálí bàtà kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ gé kànrìnkàn, ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé, ẹ ní igi obì ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá náà á rẹ́rìn-ín, kó tó wá fara balẹ̀ wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ ò gbé ọkọ̀ kankan lé e lórí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Tí mo bá bi yín léèrè ọkọ̀ wo ló máa rìn níbẹ̀, ẹ ó ní kí ojú irin dára ná. Ojú irin á dára, ẹ ó tún tú apá kan, ẹ ó tún un tò. Ẹ ó fi èékánná àtàǹpàkò yín gba ojú rẹ̀ kọjá, ẹ ó máa kùn yùnmù sínú, bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti ń dùn ún. Ẹ wá kú. Kí lẹ ń dúró dè, Bàbá? Ṣé ẹ ti ní ọkọ̀ kan lọ́kàn tí ẹ ò fẹ́ sọ ni, àbí ẹ̀yin náà ò mọ èyí tí ẹ máa mú? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi.

Ǹ bá má dà yín láàmú bí kò bá sí ti Màmá. Màmá ń kúrò nílé. Orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè dá gbé mọ́, èmi náà ò sì lè máa ti ṣọ́ọ̀bù sáré wálé nígbà gbogbo, ni Bọ̀dá Muráínà bá ní kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Èkó lẹ́yìn Ìléyá. Màmá ò jiyàn. Wọ́n ti fi ìsọ̀ obì wọn lé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó lọ: kí wọ́n fojú ara wọn rí i kí obì gbéra ní Ṣàgámù lórí ojú irin yín, kó gba Likosi kọjá, kó sì dé Oríta. Wọ́n ní ẹ ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn láti ọjọ́ tí ẹ ti kan ìṣó àkọ́kọ́. Ẹ ṣèlérí, ẹ lọ sinmi, iṣẹ́ wá kù sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni mo wà nítòsí, wọ́n ní aránṣọ ni mí, ọwọ́ mi gba ohun wẹ́wẹ́. Ta ló sọ fún wọn pé ẹni tó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lè wa rélùwéè?

Bọ̀dá Muráínà ló kọ́kọ́ mú ọkọ̀ wá. Ẹ mọ ọmọ yín, ohun tó bá tóbi ló máa ń dùn mọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀, wọ́n ra èyí tó jọ rélùwéè tuntun tó ń sáré láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ó ń dán. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó gùn ju ibùdókọ̀ Ṣàgámù yín lọ; imú rẹ̀ ti ń gún ògiri nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú oko obì. A ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Likosi. Ó dé kọ́nà, kò mọ kọ́nà. Ó kọrí síbi tí imú rẹ̀ kọ sí, ó gbá mọ́ṣáláṣí páálí yín, àwọn méjèèjì sì jọ já sílẹ̀. Bọ̀dá ní kọ́nà yín ló burú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn jà. Ọ̀nà tó gba àárín oko kọjá, tó ń dúró gbé ìyá arúgbó àti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi eré sísá ṣe níbẹ̀?

Mo wá ọ̀kan fúnra mi, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ní èyí tó yẹ ọ̀nà kékeré gan-an, ọkọ̀ èrò kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nínú ikùn ara rẹ̀, tó lè lọ tó sì lè bọ̀ láì yíjú padà. Kò parọ́. Ọkọ̀ náà mọ kọ́nà, kò pariwo, ó gun òkè. Inú mi dùn débi pé mo pe Màmá látinú ilé ìdáná. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá béèrè ibi tí obì máa jókòó sí. Mo so wágọ̀nù ẹrù kan mọ́ ọn nídìí. Kò lè fà á. Ó ń gbọ̀n lójú kan náà, ó ń gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Màmá dìde, wọ́n padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Ṣé kí n wá sọ fún àwọn èrò inú rẹ̀ pé kí wọ́n gbé obì lé itan ni?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó ronú kàn yín. Mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé ọ̀nà kékeré ò fẹ́ ẹ́ńjìnì gbọ̀ngbọ̀nràn. Ẹ ní èyí tó kúrú, tó gbé omi ara rẹ̀ dání, tó lè fi ẹ̀yìn rìn bó ṣe ń fi iwájú rìn, òun ló wúlò níbẹ̀, kó fa èrò àti ẹrù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí irú rẹ̀. Ó dúdú, ó kúrú, ó sanra bí ìkòkò. Mo so kóòṣì èrò kan mọ́ ọn, mo so wágọ̀nù obì tẹ̀ lé e. Ó wọ Ṣàgámù wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró síbi tó yẹ kó dúró sí. Mo ní ó parí, Bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìgbà yẹn ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Màmá ò gbà kí n fi páálí ṣe obì. Wọ́n rẹ́ obì gidi wẹ́wẹ́, wọ́n fi ewé tútù tẹ́ inú wágọ̀nù, wọ́n kó obì sí i, wọ́n tún fi ewé bò ó. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo jáde lọ gba ìpè lórí fóònù, kí n tó padà wọlé wọ́n ti wọ́n omi sí i, torí obì ò gbọdọ̀ gbẹ lọ́nà. Omi ń kán sórí irin tí iná mànàmáná ń gbà dé inú ẹ́ńjìnì! Mo pariwo. Wọ́n ní kí n má pariwo mọ́ àwọn, pé láti ìgbà tí àwọn ti ń di obì ránṣẹ́ sí Òkè Ọya, àwọn ò fi obì gbígbẹ ránṣẹ́ sí oníbàárà rí. Mo fi àkísà nu ojú irin yín láti Ṣàgámù dé Likosi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún wọ́n omi sí i. Kí ni kí n ṣe fún ìyá yìí, Bàbá? Ẹ̀yin mọ bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́, ẹ ò sì fi kọ́ mi.

Àṣé omi kọ́ ni ọ̀tá mi. Likosi ni. Ọkọ̀ á gbéra ní Ṣàgámù, á máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti dé ìsàlẹ̀ Likosi, tó fẹ́ máa gun òkè kejì, ẹ́ńjìnì á lọ, wágọ̀nù á dúró. Ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ á ti yọ. Nígbà mìíràn kóòṣì náà á dúró tì í. Ẹ́ńjìnì á dá dé Oríta lófìfo, bí ẹni tí wọ́n rán lọ sọ́jà tó gbàgbé apẹ̀rẹ̀ sílé. Màmá, ọmọ Likosi, ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ kòtò sí ìlú àwọn ni, kí obì lè máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilé àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí Ìléyá ti ń sún mọ́lé.

Mo tẹ ìkọ́. Mo tún un nà. Mo kó nǹkan wúwo sínú kóòṣì. Mo fi òwú ìránṣọ so gbogbo wọn pọ̀. Wọn ò yọ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan ṣubú ní kọ́nà, ó fa gbogbo ẹbí rẹ̀ lulẹ̀. Mo fọwọ́ kan ojú irin yín ní Likosi, ẹ má bínú, mo fi pákó gbé e sókè díẹ̀, ó tún burú sí i, mo yọ pákó kúrò. Mo ní ẹ́ńjìnì ni kò dára. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lórí fóònù, àwọn oníbàárà mi sì ń dúró de aṣọ Ìléyá, mo ti gé apá òsì méjì sí bùláòsì kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún ọ̀fọ̀, Bàbá. Ẹkún ìbínú ni. Èwo ni kí ènìyàn máa la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má sọ ọkọ̀ tó máa rìn ín fún ẹnikẹ́ni? Ṣé ẹ rò pé ẹ ò ní í kú ni?

Màmá ló bá mi níbẹ̀. Wọn ò rẹ̀ mí lẹ́kún, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìwà wọn. Wọ́n jókòó sórí àga yín, wọ́n gbé ọ̀pá wọn lé ẹsẹ̀, wọ́n wo ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, wọ́n wá bi mí pé níbo ni ẹ̀yin wà nínú rẹ̀. Mo nawọ́ sí ẹ́ńjìnì. Màmá pòṣé. Wọ́n ní ẹ ò wa rélùwéè rí lọ́jọ́ ayé yín.

Bàbá, gbogbo àdúgbò ló ń pè yín ní Bàbá Dírẹ́bà. Lèmọ́mù fúnra wọn pè yín bẹ́ẹ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín. Ẹ máa ń jẹ́ ẹ, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ̀ pé gáàdì ọkọ̀ rélùwéè niṣẹ́ yín, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n lójú tèmi ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, iwájú ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Mi ò béèrè. Ẹ̀yin náà ò sọ. Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa wo iwájú ọkọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ lẹ wà?

Màmá wá ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yìn pátápátá lẹ máa ń wà, nínú ọkọ̀ kékeré tiyín tó kẹ́yìn gbogbo ọkọ̀, ẹ̀yin pẹ̀lú àsíá àti àtùpà yín. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́kọ́ rí yín, nígbà tí àwọn bá ìyá àwọn kó obì lọ wọ rélùwéè ní Ìfọ̀. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tí ẹ máa ń fọwọ́ yí láti fún bíréèkì. Òun ló sọ àtẹ́lẹwọ́ yín di líle bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rọra fún un díẹ̀. Kì í ṣe kí ọkọ̀ dúró o. Kí ìdí ọkọ̀ lè máa wọ́ sẹ́yìn ni, kí àwọn wágọ̀nù àárín má bàa máa rọ́ lu ara wọn, kí ìkọ́ wọn lè le tantan títí wọn á fi gun òkè kejì. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń di obì. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún àwọn nígbà tí ẹ ṣì ń wá ojú rere àwọn. Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń dẹnu kọ obìnrin nìyẹn, Bàbá? Ó ṣiṣẹ́ ṣá.

Mo wá rántí bí a ṣe máa ń lọ sí Yídì láàárọ̀ ọdún. A ó ti wọ aṣọ tuntun, ara á máa yá wa láti sáré débẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ wa lè rí wa. Ẹ̀yin á wà lẹ́yìn gbogbo wa, ẹ ó máa pè wá pé kí a rọra, kí a dúró de Màmá, kí a dúró de ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú. Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Mo rò pé ẹ kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni.

Mo fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀ yín. Mo yọ ẹsẹ̀ lára wágọ̀nù kan tó ti bàjẹ́, mo kó àwọn nọ́ọ̀tì irin inú dúróọ̀ máṣíìnì mi sínú rẹ̀ kó lè wúwo, mo fi páálí ṣe òrùlé. Mo wá gé fóòmù pẹlẹbẹ lára èyí tí a máa ń rán sí èjìká kóòtù, mo há a mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́, kó lè máa di ẹsẹ̀ náà mú díẹ̀. Mo kọ́kọ́ há a jù. Ẹ́ńjìnì dúró lójú kan, ó ń fi ẹsẹ̀ họ irin. Mo gé e kù, ó tún dẹ̀ jù. Mo gé òmíràn. Mo sọ̀rọ̀ sí yín díẹ̀, ẹ foríjì mí. Nígbà tó yá ó rí bó ṣe yẹ kó rí, kò dá ọkọ̀ dúró, kò sì jẹ́ kó já. Ṣùgbọ́n orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ṣàgámù nìkan ni mo ti dán an wò. Kí n tó ní kó máa lọ sí Likosi, iná lọ, kò sì dé títí Ìléyá fi kọjá.

Àná ni Bọ̀dá Muráínà wá mú Màmá. Ẹrù Màmá ti wà nínú mọ́tò kí iná tó dé. Bọ̀dá ní àwọn fẹ́ tètè kúrò. Màmá ní ó dáa, wọ́n wá fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Wọ́n di obì sínú ewé, wọ́n wọ́n omi sí i lójú mi, mo sì panu mọ́. Ọkọ̀ gbéra ní Ṣàgámù, ẹ́ńjìnì, kóòṣì, wágọ̀nù obì, ẹ̀yin. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wo ìkọ́. Ó le tantan. Ó dé ìsàlẹ̀ Likosi, ẹ́ńjìnì forí lé òkè, kóòṣì tẹ̀ lé e, obì tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó yọ. Ó gun òkè títí dé abẹ́ fèrèsé, ó dúró sí Oríta. Igbe tí mo ké mú kí Bọ̀dá sáré wọlé. Màmá ò ké. Wọ́n ní Alihamudulilahi, wọ́n ní kí n mú un padà wá.

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Ọkọ̀ ò lè kàn fẹ̀yìn rìn padà bẹ́ẹ̀, torí ọkọ̀ gáàdì ni ìbá wà níwájú. Mo ní láti tú gbogbo wọn, kí n gbé ẹ́ńjìnì sí òdìkejì, kí n gbé ẹ̀yin sí ìdí. Mo ti ń tú wọn. Bọ̀dá ní obì ti dé ibi tó ń lọ, kí Màmá jẹ́ kí àwọn máa lọ, pé èmi á mú ìyókù padà tó bá yá. Màmá wò mí, wọ́n wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ṣiṣẹ́, kò sí ibi tí obì gbé yín dé tí ẹ ò padà sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n nawọ́, wọ́n mú ọkọ̀ agolo yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọn ò gbé e gba àárín yàrá. Wọ́n fara ti tábìlì, wọ́n fi orúnkún wọn yẹn tẹ̀ lé ojú irin yín, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Likosi, wọ́n dúró díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ya kọ́nà, wọ́n gun òkè. Wọ́n gbé yín kalẹ̀ ní Ṣàgámù. Wọ́n fi ìka kan tún òrùlé yín ṣe. Wọ́n wá mú ọ̀pá wọn, wọ́n bá Bọ̀dá jáde lọ.

Ẹ́ńjìnì ṣì wà ní Oríta, òun àti kóòṣì àti obì tó ti ń gbẹ. Kò lè gba Likosi padà láìsí yín, mi ò sì lè gbé yín kúrò níbi tí Màmá gbé yín sí. Ó ń bí mi nínú, lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí mo ṣe. Ilé dá páropáro. Màmá pè láti Èkó láàárọ̀ yìí. Wọn ò tíì béèrè àlàáfíà mi kí wọ́n tó béèrè bóyá ẹ ṣì wà nílé. Mo ní ẹ wà.

Èmi tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín títí dọ̀la,
Àbígbẹ̀yìn yín obìnrin.